Ohun Tí Mo Kọ̀ Lọ́wọ́ Mei ní Shillong

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo dúró níwájú ìjọ láti dúpẹ́, ìdajì òótọ́ ni mo sọ fún yín. Mo ní mo lọ láyọ̀, mo sì bọ̀ láyọ̀. Ẹ pariwo halelúyà, Mọ́mì jó títí fìlà funfun orí rẹ̀ fi yẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀pọ̀ nínú yín bi mí bí Íńdíà ṣe rí, mo sì fi àwòrán òkè àti omi tó ń já láti orí rẹ̀ hàn yín lórí fóònù. Àwòrán yẹn kò parọ́. Èmi tí mo dì í mú ni mo parọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìyókù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó pè mí

Banri ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé ní yunifásítì. Ọmọ Khasi ni, láti Shillong, ìlú orí òkè kan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Íńdíà. Nígbà tí onílé rẹ̀ ní Barking Riverside, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ní kó kó jáde lójijì, ilé wa ní Rippleside ló wá. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò. Oṣù mẹ́fà ló lò. Mọ́mì ń pè é ní Bánkẹ́, nítorí ó ní ọjọ́ orí òun ti kọjá ẹni tó ń kọ́ orúkọ tuntun. Ọjọ́ kìíní tó dé, Mọ́mì gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú rẹ̀, ó ní kó fọwọ́ kó jẹun. Banri fọwọ́, ó jókòó, ó jẹun. Kò béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Lẹ́yìn tí a gba ìwé ẹ̀rí tán, àìsàn ọkàn dá ìyá rẹ̀ dúbúlẹ̀, ó sì ní láti padà sílé. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọbìnrin tó kéré jù lọ ló ń jogún ilé, òun náà ló sì ń tọ́jú òbí. Kò sí ẹni tó lè bá a rù ú. Ọdún kan kọjá. Lẹ́yìn náà ló pè mí pé ara Mei kò fẹ́ yá mọ́. Mei ni wọ́n ń pe ìyá ní èdè wọn. Ó ní Mei ní ohun kan tó ń béèrè ṣáá: ó fẹ́ rí ọmọ ìyá tó bọ́ ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ọmọ náà jẹun lọ́wọ́ òun kí òun tó lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n pè mí fún nìyẹn. Wọn kò ní kí n wá wo òkè. Wọ́n ní kí n wá jẹun.

Ìran

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, Mọ́mì ní kí ìjọ gbàdúrà fún mi. Mo kúnlẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là, Ìyá Aríran sì bọ́ sínú ẹ̀mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ: "Mo rí òkè. Mo rí ìkùukùu. Mo rí obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó na ewé tútù sí ọmọ yìí. Ẹ fi àdúrà gbé e."

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mọ́mì gbà á sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, mo sì ti tún un gbọ́ títí mo fi mọ ibi tí Ìyá Aríran ti ń mí. Kò sọ pé kí n má gbà á. Kò sọ pé obìnrin náà burú. Àwa tó kù la fi ìrù sí i. Kí a tó dé ibùdókọ̀, ẹnì kan nínú yín ti ní ẹnu tó bá pupa, ẹnu tó ń jẹ ènìyàn ni. Kí a tó délé, Mọ́mì ti ní kí n má fi nǹkan kan kan ẹnu nínú ilé yẹn.

Mo ní, "Mọ́mì, ilé Banri ni o."

Ó ní, "Ṣé mo dárúkọ Bánkẹ́ ni? Ìyá ẹ̀ ni mo ń sọ. Ṣé o mọ ìyá ẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Bùnmi."

Ó di ṣínṣín, gààrí, kúlíkúlí àti bisikíìtì sínú àpótí mi bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sójú ogun. N kò bá a jiyàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ lè ṣàánú mi. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì ni mo ti ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn tán, màá tún padà lọ fà á wò. Bí ènìyàn bá ti ń bẹ̀rù báyìí, kò nílò kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún un. Díẹ̀ ló máa gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ọ̀pọ̀ kún un.

Gígun òkè

Ilẹ̀ tí mo mọ̀, láti Dagenham dé etí odò, tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè gun òkè fún wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò kí òkè má tíì tán. Ooru wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń tutù, igi páìnì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ọmọ ilé ìwé tó tò, adágún omi ńlá kan sì hàn nísàlẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a dé Shillong, òjò ń rọ̀ bí ìrì. Ilé lé orí ilé, òrùlé ẹnì kan ni ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì. Òdòdó wà nínú agolo lójú fèrèsé gbogbo. Mo sọ fún Banri pé ìlú yìí rẹwà. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yin ọmọ rẹ̀.

Wọ́n wò mí púpọ̀. Ní ọjà, obìnrin kan fọwọ́ kan irun mi, ó sì béèrè lọ́wọ́ Banri bóyá wọ́n bí i mọ́ mi ni. Ọkùnrin kan ní kí n jẹ́ kí òun àti ìyàwó òun bá mi ya fọ́tò. Ó bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní rárá, ibi tí mo ti wá gan-an. Inú bí mi. Banri ní kí n má bínú sí i. Ó ní bí òun bá dé Delhi, olú-ìlú orílẹ̀-èdè òun, wọ́n á bi òun pé ìgbà wo lòun dé láti Ṣáínà. "Kò sí ẹni tí ó gbà wá gbọ́, èmi pẹ̀lú rẹ," ló wí. A rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́ apá mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ nígbà tí a ń gun òkè ilé wọn.

Ẹnu pupa

Mei dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde mọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó dìde. Obìnrin kékeré ni, ó so aṣọ onílà mọ́ èjìká kan, ó di ògiri mú. Mo kúnlẹ̀ láti kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ fà mí dìde. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Nígbà tó la ẹnu, eyín, ahọ́n àti ètè rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n mú mi jókòó. Mei gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan sórí itan. Ó mú èso kan tó le bí ẹ̀kùrọ́, ó fi ọ̀bẹ là á sí mẹ́rin, ó pa ẹfun díẹ̀ sórí ewé tútù, ó wé ewé náà mọ́ ìdá kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Kwai nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi obì kí àlejò. Gbogbo ará ìlú ló ń jẹ ẹ́, òun ló sì ń sọ ẹnu wọn di pupa: ẹnu ẹni tó ń wa takisí, ẹnu olùkọ́, ẹnu ìyàwó pásítọ̀. Kódà bí ọ̀tá bá wọlé, kwai ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un.

Banri ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi nínú mọ́tò. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé n kò mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òkè náà nìyí, ìkùukùu náà nìyí, ẹnu pupa náà nìyí, ewé tútù náà nìyí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti ka ìyókù ayé mi tẹ́lẹ̀, tó sì ti fàlà sí ojú ibí yìí gan-an.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Inú mi ló ń dà mí láàmú."

Banri túmọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Mei ṣì wà níbi tó wà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá kwai náà padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ se omi ìrẹsì fún mi, nítorí inú mi.

Ebi

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Banri ti sọ fún wọn pé ìjọ wa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni oúnjẹ iyì wọn. Nítorí tèmi nìkan, wọ́n yí gbogbo ìkòkò ilé padà. Mei jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ yánmọtí dúdú tí wọ́n fi ń se adìyẹ. Wọ́n tún ní oúnjẹ kan tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, èyí tí wọ́n ti dé mọ́lẹ̀ títí ó fi kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn irú gba ilé, irú wa gan-an, bíi pé Mọ́mì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé àárò ilé ló ń sọ mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi pẹ̀lú ni.

Mo sọ pé inú mi ṣì ń dà mí láàmú. Mo ń mu tíì. Mo ń da omi ìrẹsì sí ìdí òdòdó nígbà tí wọn kò wò. Ní ọ̀sán, màá wọ yàrá tí wọ́n fún mi, màá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ibùsùn, màá máa jẹ ṣínṣín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń jẹ́ kó rọ̀ lẹ́nu mi kó má baà dún. Mo gbọ́ tí Mei ń bi Banri nínú ilé pé ṣé ọmọ náà ti sùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí aṣọ funfun, ẹnikẹ́ni kò bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n wọ́n dá orin kan tí mo mọ ohùn rẹ̀ láti kékeré, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá láàárín wọn. Àwọn tó wà níwájú mi yíjú padà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnu wọn pupa. Nígbà ìkéde, alàgbà kan dárúkọ ẹnì kan, gbogbo ìjọ sì mí kanlẹ̀. Mo bi Banri ohun tó sọ. Ó ní baba kan ló kú. Ó ní àwọn kì í sọ pé ènìyàn kú. Wọ́n á ní ó ti wà ní ilé Ọlọ́run, ó ń jẹ kwai.

Ilé Ọlọ́run wọn náà, kwai ni wọ́n fi ń kíni káàbọ̀ níbẹ̀.

Ìkùukùu

Ní ọjọ́ karùn-ún, Banri mú mi lọ wo ìsọ̀ omi kan, omi tó ń já láti orí òkè gíga, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ìhà Sohra. Nígbà tí a débẹ̀, ìkùukùu ti bo gbogbo àfonífojì. A dúró nídìí irin tí wọ́n fi ṣe ààbò etí òkè. A ń gbọ́ omi tó ń já lọ sísàlẹ̀, ó ń hó, ṣùgbọ́n a kò rí nǹkan kan, àfi funfun. Àwòrán ìsọ̀ omi tí mo fi hàn yín, orí káàdì tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti yà á. Ẹ má bínú.

Banri kò wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tóun ń gbálẹ̀ yàrá mi láàárọ̀ yẹn, òun rí èérún ṣínṣín lẹ́yìn ibùsùn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, nítorí òun àti Mọ́mì ti jọ dín in rí. Ó bi mí ohun tí ìyá òun ṣe mí.

Mo sọ òkodoro fún un. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo sọ nípa ìran, nípa Mọ́mì, nípa bí àyà mi ṣe máa ń já, pé kì í ṣe pé mo kórira wọn, pé bí mo bá jẹ ẹ́ tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, n kò ní lè dárí ji ara mi. Ó jẹ́ kí n parí.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ní ilé Mọ́mì, ṣé o rò pé ẹ̀rù kò bà mí? N kò mọ ẹnikẹ́ni. N kò mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀ náà, ó ń fà bí itọ́. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé ìyá rẹ ló sè é."

Ó ní, "Dókítà ti sọ fún wa pé Mei kò ní pẹ́ láyé mọ́. Òun náà mọ̀. Adìyẹ yẹn, wákàtí méjì ló fi lọ yánmọtí rẹ̀."

A padà sínú mọ́tò. Kò kọ́ apá mi mọ́.

Nínú apẹ̀rẹ̀ Mei

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà tó mọ́, Banri ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Mei. Mo rí i lójú wọn bí mo ṣe jáde pẹ̀lú àpótí mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà, lọ́tẹ̀ yìí kò fà mí dìde. Ó wò mí dáadáa. Ó sọ nǹkan kan fún Banri, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín, àfi Banri tó ní láti túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní kí o sọ fún Mọ́mì pé òun kò tíì jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ní eyín òun kò ká ẹran mọ́."

Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mei ṣí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó là, ó pa ẹfun, ó wé. Kò nà án sí mi bíi ti àkọ́kọ́. Ó wé kwai méjì pọ̀ sínú ewé gbígbòòrò kan, ó fi òwú so ó, ó sì fi í sínú àpò kóòtù mi fúnra rẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi áńkáṣífù sínú àpò ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Ó ní ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ìyá mi. Ó ní ìyá tó ń bẹ̀rù nítorí ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ òun. Ó ní ewé rẹ̀ máa gbẹ, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ń dúró. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá tán, kí a jẹ ẹ́.

Mo lè jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti rò ó láti ìgbà náà lóríṣiríṣi ọ̀nà, ibi kan náà ni mo sì máa ń parí rẹ̀ sí. Gbogbo ohun tí mo ní láti ṣe ni kí n kó ọwọ́ bọ àpò mi. Mei ń wò mí. Ó fún mi láyè gan-an. Mo ní, "Khublei," ọ̀rọ̀ wọn tí wọ́n fi ń kíni, tí wọ́n fi ń dúpẹ́, tí wọ́n sì fi ń sọ pé ó dàbọ̀. Mo sì jáde.

Ní ibùdó takisí, Banri bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tó wá fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i léraléra. Kò dáhùn.

Ìdúpẹ́

Banri dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí mo ṣe ìdúpẹ́. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn èmi àti Mọ́mì. Ìjókòó wa nílé kò tíì gbóná. Mọ́mì ṣì ń sọ bí Ìyá Aríran ṣe dì mọ́ òun, tó ní Ọlọ́run kò jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun. Fóònù mi dún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Banri kọ: Mei ti wà ní ilé Ọlọ́run, ó ń jẹ kwai.

Mọ́mì ní, "Ṣé Bánkẹ́ ni? Kí ló wí?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé àpò kóòtù. Mo lọ mú kóòtù náà wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo sì yọ ewé náà jáde. Ó ti gbẹ, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, òwú tí ìyá náà so ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbé e lé orí tábìlì.

Mọ́mì wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìyá yẹn mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o má jẹ ẹ́?"

"Ó mọ̀, Mọ́mì."

"Ó sì fi tèmi ránṣẹ́."

Ó tú òwú náà. Ẹ mọ ìyá mi. Kì í mu omi tútù láì gbàdúrà lé e lórí. Ó mú ọ̀kan nínú kwai náà, ó fi sẹ́nu, kò di ojú láti gbàdúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo mú èyí tó kù. Ó le, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lórí rẹ̀. Ó korò, ó ta mí lọ́fun, ooru sì gba etí mi lọ sí àtàrí bíi pé ibà fẹ́ mú mi. Òógùn bọ́ sójú Mọ́mì. A jẹ ẹ́ tán, a jókòó, àwa méjèèjì nínú aṣọ funfun.

Ó yíjú sí mi láti sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀, eyín rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Bùnmi, ta la máa wá sọ fún pé a ti jẹ ẹ́?"